Bí A Ṣe Bọ́ Ọ̀dà Lára Alùpùpù Bàbá Adéníran

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Ṣakí ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Èkó ti rí?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí àga onígbàjámọ̀ nígbà tí abẹ wà lọ́rùn mi. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí gbogbo yín lè kà á. Ó pẹ́ tí mo ti ń ròyìn àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn fún yín. Tèmi ló kàn lónìí.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Àwọn àgbà inú yín mọ Bàbá Adéníran. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, àmọ́ ó tó bí mi lọ́mọ. Iṣẹ́ títì ló bá ìjọba ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, Festac, ní Èkó, sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Alùpùpù pupa ńlá tó ń gùn nígbà ọ̀dọ́ wà nílé bàbá rẹ̀ níbí. Ẹní ni wọ́n fi bò ó, adìẹ sì ń sùn lórí ìjókòó rẹ̀.

Lára táǹkì epo rẹ̀, lọ́wọ́ òsì, gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi pẹ́ńtì funfun kọ: RỌRA, MO Ń RETÍ Ẹ. Màmá, ìyàwó rẹ̀, ló kọ ọ́. Olùkọ́ ni Màmá nígbà náà, òun ló sì ń kọ gbogbo pátákó ilé ìwé wọn. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ọkọ máa ń jìnnà sílé, níbi tí wọ́n ti ń la títì, tó bá sì ń bọ̀, eré burúkú ló máa ń sá. Búrọ́ọ̀ṣì ni Màmá fi kọ ọ́. Pẹ́ńtì náà ki débi pé tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká.

Bàbá pè mí lórí fóònù. "Káyọ̀dé, ojú Màmá ń ṣú. Dókítà ní èyí tó kù níbẹ̀ ò ní pẹ́ lọ. Mo fẹ́ kó rí ohun tó kọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ẹ jẹ́ kí n wá ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé e wá, Bàbá."

"Ọkọ̀ akẹ́rù kẹ̀? Kí wọ́n fi okùn ha ọ̀rọ̀ ìyàwó mi dànù? Gùn ún wá. Má sì jẹ́ kí Màmá gbọ́ o."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mẹkáníìkì fi tún un ṣe. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ gbéra, Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò Màmá, gbé igbá kékeré kan wá. Òrí ló kún inú rẹ̀, ó fi aṣọ dì í, ó sì ta á ní kókó mẹ́ta.

"Fún orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí. "Má tú u o."

"Kí ni mo fẹ́ tú u fún?"

"Ẹ̀yin oníròyìn, kí lẹ kì í tú?"

Obìnrin olásíá pupa

Mi ò ní fi orúkọ gbogbo ìlú tí mo là kọjá dá yín lágara. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ bá mi dúró sí, ibi tí wọ́n ti ń da ọ̀dà tuntun sójú títì. Obìnrin kan tó wé gèlè mọ́ abẹ́ àkẹtẹ̀ ló na àsíá pupa sí wa. Ọkọ̀ bíi mẹ́wàá ti tò síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró ná. Ọ̀dà yìí ò tíì gbẹ."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Ìgbà tó bá gbẹ ni."

"Oníròyìn ni mí, mo ń kánjú."

"Ọ̀dà ò mọ oníròyìn." Ó wo táǹkì mi, ó sì kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Rọra, mo ń retí ẹ. Ẹ ò rí i? Ohun tí ẹ̀ ń gùn gan-an ti sọ fún yín."

Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe mí. Mo yí ọwọ́ alùpùpù, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá. Mi ò tíì lọ jìnnà tí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníṣẹ́ títì náà fi sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, táyà rẹ̀ sì ta ọ̀dà sí mi lára láti bàtà dé àgbọ̀n. Nígbà tí mo dúró wò ó, ọ̀dà ti bo ẹ̀gbẹ́ òsì táǹkì náà. Nínú gbogbo ohun tí Màmá kọ, RỌRA nìkan ló kù tó hàn.

Mo gbóhùn obìnrin náà lẹ́yìn: "Ẹ má sọ pé mi ò sọ o!"

Níbi tí mo ti dúró jẹun, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ohun tó ń bọ́ ọ̀dà. Ìyá oníbúrẹ́dì ní, "Kẹrosíìnì." Fọkanáísà ní, "Bẹntiróòlù, kí lẹ tún ń wá?" Awakọ̀ kan ní kí n fi ọ̀bẹ hó o. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ iṣu sísun wò mí títí. "Fi í síbẹ̀," ó wí. "Irin tí ọ̀dà bá bò kì í dípẹtà."

Trade Fair

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé Trade Fair rí, ọjà ẹ̀yà mọ́tò tó wà ní Èkó, ẹ gbọ́ bí mo ṣe rí i. Ní Ṣakí, a máa kí ara wa tán kí a tó dárúkọ ohun tí a wá rà. Ní Trade Fair, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ, tí wọ́n bá sì ráyè, wọ́n á kí yín. Gbogbo ẹ̀yà mọ́tò tí Ọlọ́run jẹ́ kí ènìyàn ṣe ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó bí ẹran alápatà. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa tí ọkùnrin kan fi di ọwọ́ alùpùpù náà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ fẹ́ tà á?"

"Kì í ṣe títà. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín ò kúkú sí níbí."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ fi ẹ̀gbin wọlé tọ àgbà. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹrù tí wọ́n fi rán ni, mímọ́ ni wọ́n ń gbé e jíṣẹ́. Wọ́n júwe ọ̀gá kan fún mi láàárín àwọn tó ń fọ mọ́tò, Wásíù lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó wo ọ̀dà náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Èyí ò tó nǹkan. Ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò ní dá a mọ̀ mọ́."

Ó rẹ àkísà sínú bẹntiróòlù. Ó ní òun máa kọ́kọ́ fi èyí tó kéré dán an wò, ẹ̀kán ọ̀dà kan tó wà lórí ìlà funfun náà, ní tòsí ibi tí RỌRA ti bẹ̀rẹ̀. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan. Dúdú jáde lára àkísà. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Funfun jáde.

"Dúró!"

"Kí ló dé? Ọ̀dà ń jáde."

"Pẹ́ńtì náà ń jáde!"

Wásíù tẹ́ àkísà náà sí oòrùn. Ìlà Màmá ti lọ níbi tó fẹ̀ tó ìka kan. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kíá ló da omi ọṣẹ sí i, ó sì fọ bẹntiróòlù náà kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú," ó wí. "Mo rò pé pẹ́ńtì ilé iṣẹ́ ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ eléyìí. Bẹntiróòlù máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ta ló kọ ọ́?"

"Ìyàwó ẹni tó ni ín."

"Ẹ gbé e lọ fún un nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ ló máa mọ ohun tó lè bá a gbé."

Òun náà nìkan sì ni ẹni tí wọ́n ní kó má gbọ́.

Ìlú nọ́ńbà

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé Èkó ò fẹ́ rí alùpùpù lójú títì ńlá mọ́, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi tì í wọ Festac. Ènìyàn méje ló bi mí pé ṣé epo tán ni. Ẹni kẹjọ ò bi mí. Ó kàn bá mi tì í gba orí afárá kékeré kan, ó gbọn ọwọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mi ò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ará Èkó ò láàánú, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Mo dúró jẹ ẹ̀wà àgànyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀wà náà rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, búrẹ́dì rẹ̀ sì tóbi, àmọ́ nígbà tí obìnrin náà bu ata dúdú rẹ̀ lé e lórí, tó ń yọ̀, tó ń dán, ọkàn mi tún padà sórí ọ̀dà. Mo jẹ ẹ́ tán ṣá o.

Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Ní Ṣakí, tí ẹ bá ń wá ènìyàn, orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ máa dá. Ní Festac, nọ́ńbà ni: áfẹ́níù, ìyẹn títì ńlá wọn, ní nọ́ńbà, ilé ní nọ́ńbà, àárín wọn sì pín sí àwọn òpópó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kílóòsì, bí ìwé ọ̀gbà ẹ̀wọ̀n. Nọ́ńbà áfẹ́níù nìkan ni mo mú lọ. Mo bi bàbá kan tó ń bomi rin òdòdó níwájú ilé rẹ̀ pé ibo ni ilé Bàbá Adéníran.

"Nọ́ńbà mélòó?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Bàbá tó ga, ó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí."

"Gbogbo wa la bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé èyí tó máa ń wo títì dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́?"

"Òun gan-an ni, sà!"

"Nọ́ńbà Kejìlá. Ẹ máa bá a lẹ́nu géètì. Ó ti dúró síbẹ̀ látàárọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣèlérí bàtà fún."

Ẹnu géètì

Bàbá Adéníran rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó rí táǹkì náà, ẹ̀rín sì kú lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi imú sí ọ̀dà náà, lẹ́yìn náà ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò.

"Wọn ò sè é dáadáa," ó wí. "Òjò kan péré, títì yẹn á bó." Ó wá wo ojú mi. "Ta ní kí o kánjú?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, olásíá àti Wásíù. Ó ń wo ojú fèrèsé bí mo ṣe ń sọ ọ́. "Bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tí a bá fi díẹ̀ díẹ̀..."

"Bàbá, ẹ̀kán kan ló nù, ìlà sì bá a lọ."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

Báyìí ni ọkùnrin méjì tó ti dàgbà ṣe dúró sí ìdí alùpùpù, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ohùn kan jáde láti inú ilé.

"Ta ló gbé ọ̀dà wọ ilé mi?"

Bàbá yára dúró síwájú táǹkì náà.

"Dádì, mo ń gbóòórùn ọ̀dà. Àbí ìjọba ti tún pè yín padà sẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Màmá yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀lé ara ògiri. Ó rẹwà síbẹ̀, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Káyọ̀dé nìyẹn? Káàbọ̀ o. Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ara ẹ ni òórùn yẹn ti ń jáde. Kí ni ẹ jọ ń pa mọ́ fún mi?"

Kò sí ọ̀nà mọ́. Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ìjókòó alùpùpù náà. Màmá fi ọwọ́ pa á láti ẹ̀yìn dé iwájú. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé táǹkì tó bá ọ̀dà pàdé, ó dúró.

"Ṣé ohun tí mo kọ ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà," Bàbá dá a lóhùn. "Ọ̀dà ló bò ó. Mo fẹ́ kí o rí i ni kí..."

"Kí ojú tó lọ tán," Màmá bá a parí rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó wá gbé orí sókè. "Kí ni ẹ fẹ́ fi bọ́ ọ?"

Mo dárúkọ bẹntiróòlù. Ẹ̀rín tí Màmá rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àwọn aládùúgbò.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bọ́ ọ̀dà lára ọkùnrin yìí! Lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lára irun rẹ̀, lára alùpùpù yìí kan náà. Ta lẹ rò pé ó ń bọ́ ọ? Bẹntiróòlù! Òun àti ìwọ Káyọ̀dé bára mu, ẹ jọ ń kánjú. Kí ni Dúpẹ́ fi rán ọ sí mi?"

Mo gbé igbá náà fún un. Kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀.

Òrí

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbé fún wa. "Ẹ̀rọ yẹn ṣì gbóná látinú oòrùn. A kì í fi ọwọ́ kan ọ̀dà lára irin gbígbóná." A jókòó sábẹ́ ibòji, a mu gàrí pẹ̀lú omi tútù àti ẹja díndín tó ń ta sánsán. Àwọn ẹja Èkó tóbi, ẹ gbọ́. Ẹyọ kan tó fún ènìyàn méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá fi àga sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, tó sì di olùkọ́ padà.

"Omi àti ọṣẹ ìwẹ̀ ná. Kí iyanrìn kúrò. Tí iyanrìn bá wà níbẹ̀ tí ẹ fi òrí pa á, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ha á."

A fọ̀ ọ́, a nù ún gbẹ.

"Dádì, síńgílẹ́ẹ̀tì yín tó ti gbó."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí mo ti ní kí ẹ jù nù láti ọdún mélòó kan."

Ó tú kókó Àǹtí Dúpẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì pa á títí ó fi rọ̀. Ó ní kí n fi díẹ̀ sí abẹ́ táǹkì ná, níbi tí ojú ò tó, kí n fi aṣọ nù ún. Aṣọ jáde láìní pupa. "Ó dáa. Ó yá." Ó wá fi ìka rẹ̀ wá ọ̀dà náà kiri, ó ń fi òrí lé e, ẹ̀kán kan tẹ̀lé òmíràn. Ojú rẹ̀ ò bá a dá sí i. Ọ̀run ló ń wò.

"A máa dúró," ó wí.

"Títí di ìgbà wo, Màmá?"

"Ìgbà tó bá rọ̀ ni."

Mo rántí obìnrin olásíá pupa.

A dúró. Àwọn méjèèjì ń sọ ìtàn àwọn títì tí Bàbá là, èyí tó ṣì dáa àti èyí tó ti bàjẹ́. Nígbà tí Màmá fi ìka tẹ ọ̀dà náà tó sì rọ̀ bí epo tó fẹ́ yọ́, ó fi aṣọ lé mi lọ́wọ́.

"Má fà á. Tẹ̀ ẹ́, kí o gbé e. Bí ẹni tó ń nu imú ọmọ tuntun. Tí ojú kan bá ti dúdú, yí aṣọ sí ojú mìíràn, kí o má baà dá ọ̀dà náà padà síbẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e. Dúdú ló ń tẹ̀lé aṣọ, pupa táǹkì sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta la fi òrí sí i, ìgbà mẹ́ta la dúró. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà RETÍ, lẹ́yìn náà àwọn yòókù. Kò sí lẹ́tà kan tó fi funfun sílẹ̀ sára aṣọ. Nígbà tí a fi ọṣẹ fọ ọ̀rá òrí kúrò tí a sì nù ún gbẹ, alùpùpù náà ń dán ju bó ṣe rí nígbà tí mo gbé e kúrò ní Ṣakí.

Ìka ọwọ́

Bàbá mú Màmá dìde, ó dojú rẹ̀ kọ táǹkì náà. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

Màmá tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ó sún sí ọ̀tún, ó sún sí òsì. Ó pẹ́.

"Mo rí pupa," ó wí. "Mo sì rí funfun díẹ̀, bí ìkùukùu."

Bàbá yí ojú sí ara géètì. Èmi ń ká aṣọ tí a fi nu ọ̀dà.

Màmá ò tíì nàró. Ó na ìka ìfábẹ̀lá, ó gbé e lé ìlà funfun náà lápá òkè, ó sì ń tẹ̀lé e bọ̀ nísàlẹ̀. Lójijì ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún dé ibẹ̀, ó tún dúró.

"Ta ló jẹ ìlà mi níbí?"

"Èmi ni, Màmá," mo wí. "Ní Trade Fair. Mo jẹ́ kí wọ́n fi bẹntiróòlù nù ún."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

Bàbá yára sọ̀rọ̀. "Mo mọ ẹnì kan ní Amúwo nítòsí ibí tó ń kọ pátákó, màá pè é lọ́la, á dí i..."

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Ìka rẹ̀ kúrò nínú àlàfo náà, ó sún síwájú díẹ̀, ó sì bá lẹ́tà àkọ́kọ́ pàdé. Ó tẹ̀lé e lókè, ó tẹ̀lé e nísàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó dé èkejì. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi dé ìparí, ó sì kà á jáde fún ọkọ rẹ̀ ní ohùn tí mi ò rò pé wọ́n fẹ́ kí n gbọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Dádì," ó tún wí. "Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi á fi máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀."

Àǹtí Dúpẹ́, tí ẹ bá ń ka èyí, èmi kọ́ ni mo tú u. Ẹ̀gbọ́n yín ló tú u, ó sì ní kí ẹ fi igbá mìíràn ránṣẹ́, orúnkún òun ṣì ń retí.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ padà, alùpùpù náà ti wà lórí bàráńdà, wọ́n ti fi àga kékeré sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Bàbá ti jáde lọ ra búrẹ́dì. Màmá jókòó síbẹ̀, ìka rẹ̀ wà nínú àlàfo náà, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà.